Àyẹ̀wò Kì Í Parí Ìjà: Ìtàn Owó Ibodè Lórí Pákó Kánádà

Kò sí ọjà kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti lè gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ó ń ba ọjà jẹ́." Ẹni tí wọ́n ń bá wí kò jalè, kò sì fi òṣùwọ̀n èké wọn nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń ta ọjà rẹ̀ ní iye tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè bá a tà á. Bí ó bá wá jẹ́ pé iye tí ó ń tà á kéré sí iye tí ó fi rà á, ọ̀rọ̀ náà á di ti ìyálọ́jà àti gbogbo ẹgbẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn yòókù bá ti palẹ̀ ìsọ̀ wọn mọ́ tán, òun nìkan ni yóò kù lọ́jà, yóò sì máa dá iye lé ọjà bí ó ti wù ú.

Àwọn orílẹ̀-èdè náà ní irú ẹjọ́ yìí láàrin ara wọn. Bí oníṣòwò ìlú kan bá ń ta ọjà sí ìlú mìíràn ní iye tí ó kéré sí iye tí ó ń tà á ní ilé ara rẹ̀, tàbí ní iye tí kò tó ohun tí ó ná lé e lórí, òfin ìlú tí ọjà wọ̀ gbà kí oníbodè bu owó lé e kí iye rẹ̀ lè gòkè. Owó ibodè yìí ni n ó máa pè ní owó abọjàjẹ́ nínú àròkọ yìí. Ó ní àbúrò kan tí wọ́n jọ ń rìn: bí ìjọba ìlú kan bá ran àwọn oníṣòwò rẹ̀ lọ́wọ́ tí ọjà wọn fi dín owó, ìlú kejì lè bu owó tí yóò mú kí ọ̀rọ̀ náà dọ́gba. Èyí ni n ó máa pè ní owó ìdọ́gba.

Òfin kò sọ pé kí owó abọjàjẹ́ wà títí ayé. Ó ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, kí a sì fòpin sí i bí kò bá wúlò mọ́. Orí àyẹ̀wò yìí ni mo fẹ́ dúró lé. Mo mú ìjà pákó tí ó wà láàrin Kánádà àti Amẹ́ríkà, èyí tí ó ti lé ní ogójì ọdún, láti bi ara wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ àyẹ̀wò lè parí ìjà?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ ṣe òfin lórí ọjà abọjàjẹ́ ní gbogbo ayé kì í ṣe Amẹ́ríkà. Kánádà ni, ní ọdún 1904. W. S. Fielding ni mínísítà ètò ìnáwó wọn nígbà náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ irin Amẹ́ríkà ń ta irin tí wọ́n fi ń ṣe ojú rélùwéè sí Kánádà ní ọ̀pọ̀, àwọn tí ń ṣe irin ní Kánádà sì ké gbàjarè. Dípò kí ìjọba gbé owó ibodè gbogbo ọjà sókè, Fielding ní kí wọ́n bu owó àkànṣe lé kìkì ọjà tí wọ́n bá rí pé ó ń ba ọjà jẹ́. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ àwọn ìlú mìíràn. Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1916, ṣùgbọ́n òfin náà ní kí a fi hàn pé ẹni tí ó ta ọjà ní in lọ́kàn láti ba iṣẹ́ ọmọ onílé jẹ́. Ta ni yóò sì rí inú ẹlòmíràn? Nítorí náà wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1921, tí kò béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ńlá lórí òwò ní 1947, wọ́n fi ọ̀rọ̀ owó abọjàjẹ́ sí ẹsẹ̀ kẹfà rẹ̀. Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn: a ní òfin tiwa lórí ọjà abọjàjẹ́ àti ọjà tí ìjọba ràn lọ́wọ́ láti 1958, ọdún méjì kí òmìnira tó dé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Kánádà ni ó gbẹ́ pàṣán, Amẹ́ríkà ni ó sì kọ́kọ́ fi nà. Kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà tí Amẹ́ríkà fi gbé irú pàṣán kan náà, tí ó sì fi kọjú sí pákó Kánádà.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pákó? Ẹni tí ó bá fẹ́ lóye ìjà yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ni igi. Pákó tí à ń sọ ni ti àwọn igi tí ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́, irú páìnì àti spruce, tí wọ́n fi ń ṣe egungun ilé ní àríwá Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, igi ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi ń kọ́lé, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù bíi tiwa. Ní Kánádà, bí i ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún igbó ni ó jẹ́ ti ìjọba, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gé igi yóò gba àṣẹ, yóò sì san owó orí igi fún ìjọba, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó sì ń pinnu bí wọn yóò ṣe ṣírò owó náà. Ní Amẹ́ríkà, igbó tí ó jẹ́ ti ẹni aládàáni ju ìdajì lọ. Ọjà ni ó sì ń sọ iye tí igi tó.

Ìdí ẹjọ́ kò ju èyí lọ. Àwọn onílé-ìlagi Amẹ́ríkà ní owó orí igi tí ìjọba Kánádà ń gbà kéré jù, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe fún àwọn ènìyàn wọn. Àwọn ará Kánádà ní igi àwọn ni, igbó àwọn ni, àwọn ni wọ́n mọ bí àwọn ṣe ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ta ni yóò wá láti ìta wá kọ́ onílé bí yóò ṣe ta ohun tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀? Èmi kò rò pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń sọ ìsọkúsọ. Ẹni tí ó ra igi lọ́jà gbangba ní ẹ̀tọ́ láti kùn bí aládùúgbò rẹ̀ bá ń rí igi gbà lọ́wọ́ ìjọba ní iye tí ọjà kò dá. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí ó yàn pé kí igbó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò dẹ́ṣẹ̀ kankan nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ yan ọ̀nà mìíràn.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1982. Ní 1983, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Ìṣòwò ní Washington dájọ́ pé owó orí igi Kánádà kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ tí òfin ń bá wí, nítorí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn onílé-ìlagi padà wá ní 1986, ìdájọ́ sì yí padà: ilé-iṣẹ́ kan náà, tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa owó orí igi kan náà, sọ nínú ìdájọ́ ìṣáájú rẹ̀ pé kí owó ìdọ́gba jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dé òpin, àwọn ìjọba méjèèjì jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún náà. Kánádà gbà láti máa gba ìdá 15 náà fúnra rẹ̀ lórí pákó tí ó bá ń jáde. Ó yé wọn pé bí owó bá máa kúrò lápò, ó sàn kí ó wọ àpò ilé ju kí ó wọ àpò àlejò lọ.

Ní 1991 Kánádà kúrò nínú àdéhùn yìí, Amẹ́ríkà sì tún gbé ẹjọ́ dìde. Ní 1992 ó bu owó ìdọ́gba ìdá 6.51. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ìlú méjèèjì jọ yàn gba ti Kánádà rò, ẹjọ́ náà sì parí ní 1994. Ní 1996 wọ́n ṣe àdéhùn mìíràn fún ọdún márùn-ún: ìpínlẹ̀ mẹ́rin, British Columbia, Alberta, Ontario àti Quebec, lè ta bílíọ̀nù 14.7 ẹsẹ̀ pákó sí Amẹ́ríkà lọ́dún láìsan kọ́bọ̀ lé e. Ohun tí ó bá lé, wọn yóò san owó. (Ẹsẹ̀ pákó kan ni pákó tí gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, tí nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì kan.) Àdéhùn yìí parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2001. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ẹjọ́ tuntun ti wà lórí tábìlì ní Washington.

Ẹjọ́ ti 2001 ni ó mú owó abọjàjẹ́ wọ inú ìjà pákó fún ìgbà àkọ́kọ́. Títí di ìgbà náà, ìjọba Kánádà nìkan ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Nísinsìnyí wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn onílé-ìlagi pẹ̀lú pé wọ́n ń ba ọjà jẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, owó méjèèjì bẹ̀rẹ̀ papọ̀: ìdá 18.79 fún owó ìdọ́gba, àti ìpíndọ́gba ìdá 8.43 fún owó abọjàjẹ́. Àròpọ̀ wọn jẹ́ ìdá 27.22 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó kó pákó dọ́là 100 wọlé yóò fi dọ́là 27 àti díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbodè.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ṣírò owó abọjàjẹ́ yìí, nítorí inú ìṣírò ni ọ̀pọ̀ nǹkan ń sá pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé onílé-ìlagi kan ń ta pákó kan ní dọ́là 10 ní ìlú rẹ̀. Ó ta ọ̀kan sí Amẹ́ríkà ní dọ́là 8, ó ta èkejì síbẹ̀ ní dọ́là 12. Bí èmi àti ẹ̀yin bá da méjèèjì pọ̀, dọ́là 10 ni ìpíndọ́gba wọn. Kò ba ọjà kankan jẹ́. Ṣùgbọ́n ní Washington, wọ́n á kọ 2 sílẹ̀ fún pákó tí ó tà ní 8; nígbà tí wọ́n bá dé orí èyí tí ó tà ní 12, dípò kí wọ́n yọ 2 kúrò, òdo ni wọ́n á kọ. Àròpọ̀ wá di 2 lórí ọjà dọ́là 20, wọ́n á sì ní ó ba ọjà jẹ́ ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Kánádà gbé ìṣírò òdo yìí lọ sí iwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti àjọ náà sì dá Kánádà láre ní 2004, ó tún dá a láre ní 2006 nígbà tí Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà mìíràn gbà.

Ohun kejì tí ó mú kí ẹjọ́ yìí gbóná ni òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2000, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ Robert Byrd pè. Òfin náà ní kí ìjọba pín owó abọjàjẹ́ àti owó ìdọ́gba tí ó bá gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti àwọn ẹjọ́ náà lẹ́yìn. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ó fi ẹnìkejì sùn gba ẹ̀san ní ọ̀nà méjì: ọjà tí ó ń bá a dù ti wọ́n sí i, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni náà tún bọ́ sí i lápò. Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé dájọ́ ní 2003 pé òfin náà kò bá àdéhùn mu, Amẹ́ríkà sì fagi lé e ní 2006.

Nínú ẹjọ́ pákó yìí, Ìgbìmọ̀ Òwò Òkèèrè ti Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ sọ pé pákó Kánádà ti pa ẹnikẹ́ni lára. Ó ní ó ń halẹ̀ láti pa wọ́n lára ni. Ìgbìmọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè náà jọ yàn sọ léraléra pé ẹ̀rí kò gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀, ìgbìmọ̀ gíga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹjọ ọdún 2005. Ṣùgbọ́n Washington kò dá owó padà. Kánádà jàre, kò sì rí owó gbà. Ní 2006 ni wọ́n tó tún jókòó. Nínú ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là tí ó wà lọ́wọ́ oníbodè, ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin padà sí ọwọ́ àwọn tí wọ́n san án. Bílíọ̀nù kan kù sí Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù 500 nínú rẹ̀ sì lọ sí ọwọ́ àwọn tí wọ́n pe ẹjọ́. Kánádà tún gbà láti máa gba owó láti ìdá 5 dé 15 lórí pákó tí ó ń jáde nígbàkúùgbà tí iye pákó bá wálẹ̀ sí dọ́là 355 fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ pákó tàbí kó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàáfíà wà fún ọdún mẹ́sàn-án.

Àdéhùn yìí parí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2015. Wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé kí ẹnikẹ́ni má pe ẹjọ́ fún ọdún kan. Ọdún náà pé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ẹjọ́ dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, owó méjèèjì ti fìdí múlẹ̀ ní ìdá 20.23 fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé-iṣẹ́: 14.19 owó ìdọ́gba, 6.04 owó abọjàjẹ́. Láti ìgbà náà ni a ti wà lẹ́nu àyẹ̀wò.

Oríṣi àyẹ̀wò méjì ni ó wà. Èkíní ni àyẹ̀wò ọdọọdún. Owó tí oníbodè ń gbà lójú ibodè kì í ṣe gbèsè tòótọ́. Ìdógò lásán ni. Bí ọdún bá yí po, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Ìṣòwò yóò yẹ ìwé àwọn onílé-ìlagi wò, yóò sọ iye tí ó yẹ kí wọ́n ti san, iye náà ni yóò sì di ìdógò fún ọjà tí ń bọ̀. Ẹ wo bí ó ti rí: ní 2020 àròpọ̀ owó méjèèjì jẹ́ ìdá 8.99, ní 2021 ó lé ní 17, ní 2022 ó jẹ́ 8.59, ní 2023 ó jẹ́ 7.99, ní 2024 ó lé ní 14, ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ó di 35.19, èyí tí owó abọjàjẹ́ nìkan kó 20.56 nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń ta pákó lónìí kò mọ iye tí yóò san lórí rẹ̀ títí di ọdún méjì sí i.

Ọ̀rọ̀ ti 2025 yẹ fún àlàyé. Ọjà ọdún 2023 ni àyẹ̀wò náà wò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, nígbà àrùn kòrónà, ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ pákó ti kọjá dọ́là 1,600. Nígbà tí yóò fi di 2023, iye náà ti wó lulẹ̀. Òfin sì sọ pé bí oníṣòwò bá ta ọjà ní ilé ara rẹ̀ ní iye tí kò tó ohun tí ó ná, a lè yọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìṣírò. Ohun tí ó wá kù ní iye ilé ni èyí tí ó wọ́n jù, a ó sì fi ìyẹn wọn ohun tí ó tà sí òkèèrè. Nítorí náà, bí ọjà bá kú fún gbogbo ènìyàn, tí ará Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ń ta pákó ní àdánù, ará Kánádà ni ìwé yóò sọ pé ó ń ba ọjà jẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì ni owó ọdún búburú náà yóò wá dé bá a.

Èkejì ni àyẹ̀wò ọlọ́dún márùn-ún, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi sínú àdéhùn 1994, tí Amẹ́ríkà sì sọ di òfin ilé láti 1995. Kí ó tó dé, owó abọjàjẹ́ kan lè wà fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí ẹnikẹ́ni má ránti rẹ̀. Òfin tuntun ní kí owó náà kú lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àfi bí wọ́n bá rí i pé bí a bá mú un kúrò, ó ṣeé ṣe kí bíba ọjà jẹ́ àti ìpalára máa bá a lọ tàbí kí wọ́n tún padà wá. Bí àwọn ọmọ onílé kò bá tilẹ̀ dáhùn, owó náà á kú láìsí àríyànjiyàn. Lójú ìwé, òfin tí ó dára ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè náà. Bí ará Kánádà bá ń tà nìṣó nígbà tí owó wà lórí ọjà rẹ̀, tí àyẹ̀wò ọdọọdún sì rí i pé ó ba ọjà jẹ́ ní ohun tí ó ju ààbọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, Washington yóò ní: ẹ ò rí i pé kò tíì jáwọ́? Bí ó bá jáwọ́ tí ọjà rẹ̀ sì dín kù púpọ̀, wọn yóò ní: ẹ ò rí i pé kò lè tà láìba ọjà jẹ́? Ó tà, ó jẹ̀bi; kò tà, ó jẹ̀bi. Níbi tí àwọn ọmọ onílé bá ti dìde láti sọ tẹnu wọn, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Ìṣòwò kì í sábà dájọ́ pé kí owó kú. Àyẹ̀wò ọlọ́dún márùn-ún ti pákó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Ní 2023, ìdájọ́ dé pé kí owó méjèèjì máa bá a lọ.

Mo ti yí ìtàn yìí síwá sẹ́yìn, ohun tí ó sì hàn sí mi ni pé àyẹ̀wò kò kùnà nítorí pé àwọn tí ń ṣe é jẹ́ aláìṣòótọ́. Ìbéèrè tí òfin fún wọn láti béèrè ni kò tó. Kò ní kí wọ́n béèrè pé: ta ni ó ni igi, kí sì ni owó tí ó tọ́ lórí rẹ̀? Kò ní kí wọ́n béèrè pé: ta ni ń san owó yìí ní tòótọ́? Bí i ìdá kan nínú mẹ́rin pákó tí Amẹ́ríkà ń lò ni ó ń ti Kánádà wá, ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ́lé ní Amẹ́ríkà sì ti ń pariwo láti ìgbà pípẹ́ pé àwọn oníbàárà wọn ni ẹrù náà ń já lé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, kí wọ́n tó bu owó abọjàjẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wo àǹfààní gbogbo ìlú, títí kan ti ẹni tí ń ra ọjà. Kánádà náà ní ọ̀nà láti béèrè bẹ́ẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kò fi àyè sílẹ̀ fún un. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Níhìn-ín, òfin ni ó ti di etí kan fún adájọ́ kí ó tó jókòó.

Ìpalára ìjà náà kò dúró ní ibì kan. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Canfor kéde pé òun yóò ti ilé-ìlagi méjì pa, ọ̀kan ní Vanderhoof, èkejì ní Fort St. John, ní British Columbia. Èmi kò ní sọ pé owó ibodè nìkan ni ó ti wọ́n pa: kòkòrò ti jẹ igi páìnì run ní ìpínlẹ̀ náà, iná ti jó igbó, igi tí ó ṣeé gé sì ti dín kù. Ṣùgbọ́n ẹrù owó ibodè wà lára ohun tí ó tẹ̀ wọ́n. Ní ìlú kékeré tí ó jẹ́ pé ilé-ìlagi ni gbogbo ènìyàn ń jẹ lára rẹ̀, bí ayùn bá dákẹ́, àwọn ọ̀dọ́ a kó ẹrù wọn, ilé-ìwé a sì dín kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Kánádà, West Fraser, Canfor àti Interfor, kò jókòó dúró. Wọ́n ti ra ilé-ìlagi lọ́pọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí oníbodè kò sí lójú ọ̀nà wọn. Ẹni tí ó ní owó kọjá ààlà. Òṣìṣẹ́ tí ilé rẹ̀ wà ní Vanderhoof kò lè gbé e kọjá.

Ẹni tí ó bá ní kí Kánádà lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé kò tíì gbọ́ ìyókù ìtàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé dá Kánádà láre lórí owó ìdọ́gba ti 2018. Amẹ́ríkà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejìlá ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ náà kò ti ní adájọ́ tí ó tó láti jókòó, nítorí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni kò gbà kí wọ́n yan tuntun. Ẹjọ́ náà wà níbẹ̀. Dókítà Ngozi Okonjo-Iweala, ọmọ ilẹ̀ wa, di olórí àjọ náà ní 2021, ṣùgbọ́n olórí àjọ kì í dá ẹjọ́. Owó tí wọ́n ti fi ṣe ìdógò láti 2017 ti ju bílíọ̀nù 9 dọ́là Kánádà lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Amẹ́ríkà tún fi ìdá 10 mìíràn lé e lábẹ́ òfin ààbò ìlú, tí àròpọ̀ rẹ̀ fi lé ní 45.

Ẹ wá bá mi ka iye ìgbà tí ìjà yìí sinmi láti 1986: lẹ́yìn àdéhùn 1986, lẹ́yìn àdéhùn 1996, lẹ́yìn àdéhùn 2006. Ìgbà mẹ́ta ni ó sinmi fún ọdún mélòó kan, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì jẹ́ pé ìjókòó àwọn ìjọba méjèèjì ni ó mú ìsinmi wá. Ẹjọ́ tí Kánádà jàre ní 1994 àti 2005 wúlò nítorí pé ó fún un ní ohùn níbi ìjókòó tí ó tẹ̀ lé e. Àyẹ̀wò ọdọọdún àti ti ọlọ́dún márùn-ún kò tíì mú ìsinmi kankan wá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń ka owó, ó sì ń kà á dáadáa. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, ni àwọn àgbà wí. Àwọn wọ̀nyí sì ti lọ sí kóòtù nígbà márùn-ún.

Kí ni èyí kàn wá? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń kọ́ òfin, ẹlòmíràn ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ẹlòmíràn yóò sì di òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn oníṣòwò wa náà ń ké pé ọjà òkèèrè ń ba ọjà àwọn jẹ́, ó sì yẹ kí a gbọ́ igbe wọn. Ọjọ́ kan lè dé tí a ó fi ìwé òfin 1958 lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má ṣe rò pé bí ẹ bá ti kọ "kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò" sínú rẹ̀, ẹ ti fi òpin sí i. Ẹ kọ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó má jẹ́ ẹni tí ó bù ú. Ẹ kọ pé kí a gbọ́ ẹnu ẹni tí ń ra ọjà. Ẹ kọ ọjọ́ kan tí owó náà yóò kú, bí ó ti wù kí ó rí, àfi bí ẹni tí ó fẹ́ kí ó wà láàyè bá tún ẹjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì mú ẹ̀rí tuntun wá. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìjókòó, kí ó má jẹ́ pé ìgbà tí bílíọ̀nù dọ́là bá ti wà lọ́wọ́ oníbodè ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé aládùúgbò ni wá.